Ìpàdé Àwọn Tó Ń Jáwọ́ Nínú Ọtí: Bí A Ṣe Lè Rí I àti Ohun Tí A Ó Bá Níbẹ̀

Lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ búútà àlùwàlá àti omi tó ń dúró lẹ́yìn mọ́sáláṣí ni a sọ. Ti oṣù yìí wúwo ju ìyẹn lọ, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ń fi ẹní bò mọ́lẹ̀ ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun ìṣáì, a ti fẹ́ máa ti kẹ́mísì wa nígbà tí àlájà kan wọlé. Ó dúró síbi kan títí tí oníbàárà tó kẹ́yìn fi jáde. Ó wá sún mọ́ wa, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé oògùn kan wà tí wọ́n ń bù sí ọbẹ̀, tí ọtí kì í fi í wu èèyàn mu mọ́. Bàbá àwọn ọmọ mi ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o.”

Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́. A ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá, lẹ́nu ìyàwó, àti lẹ́nu ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń wá oògùn fún bàbá tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. A kì í tà á fún wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀, nítorí a mọ̀ pé àwọn kan rí i rà níbòmíràn.

Oògùn náà wà lóòótọ́, disulfiram ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ fi ń tú oró ọtí palẹ̀. Bí ẹni tó lò ó bá mu ọtí, ojú rẹ̀ á pọ́n, orí á máa fọ́ ọ, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, á máa bì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ débi tí ẹ̀mí fi lè bọ́. Ẹni tó mọ̀ pé òun ń lò ó, tí dókítà ti yẹ ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ jáwọ́, oògùn náà lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bù ú sí ẹ̀fọ́ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Yóò jáde lọ síbi tó ti ń mu ọtí rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ṣubú sí. Agbára oògùn yìí sì lè wà lára fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí èèyàn ti lò ó kẹ́yìn, nítorí náà ẹ má rò pé ti àná ti tán lónìí. Ìyàwó tó ń wá ìwòsàn fún ọkọ rẹ̀ lè di ẹni tí wọ́n ń pè ní apànìyàn.

Ohun tí a sọ fún àlájà náà lálẹ́ ọjọ́ náà ni a fẹ́ sọ fún gbogbo yín. Ìpàdé kan wà tí àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí máa ń ṣe láàárín ara wọn. Wọn kì í gbowó níbẹ̀, wọn kì í bèèrè orúkọ ìdílé, Mùsùlùmí sì lè lọ láìfi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ ara wà níwájú.

Túúbá àti ara

Haráàmù ni ọtí. Kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn, a kò sì kọ ọ̀rọ̀ yìí láti dẹ òfin náà lójú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tó ń lọ sí ilé kéwú mọ̀ pé ìpele ìpele ni òfin náà sọ̀ kalẹ̀: Sùúrà Al-Bàkárà ẹsẹ 219, lẹ́yìn náà An-Nísáì ẹsẹ 43 tó kọ̀ fún èèyàn láti sún mọ́ ìrun pẹ̀lú ọtí lójú, kí Al-Máídà ẹsẹ 90 àti 91 tó wá ti ilẹ̀kùn pátápátá. Àwọn kan ń fi èyí ṣe àwíjàre pé díẹ̀díẹ̀ làwọn náà fẹ́ fi sílẹ̀, ọdún kẹwàá nìyí. Òfin tó kẹ́yìn ló wà lọ́rùn wa. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rí i nínú rẹ̀ pé Ọba tó dá èèyàn mọ bí ọtí ṣe máa ń di ara mú.

Báwo ló ṣe ń dì í mú? Ọtí máa ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, á fẹ́ kó o sùn. Bí èèyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, ọpọlọ á kọ́ láti máa ta kò ó, á máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ kí olúwa rẹ̀ lè wà lójúfò. Lọ́jọ́ tí ọtí kò bá dé, eré yẹn kò ní dúró. Bí ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí bíréèkì rẹ̀ ti já ló ń rí. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á máa bò ó, oorun á dá lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì, gìrì bíi ti wárápá lè gbé e. Nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni èyí tó burú jù lè dé: ara á gbóná, kò ní mọ ibi tó wà mọ́, á máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, á máa bá ẹni tí kò sí nílé sọ̀rọ̀. Èyí máa ń pani.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí yìí. A mọ ilé kan tí wọ́n ti ọmọkùnrin wọn mọ́ yàrá ní ọjọ́ tí ààwẹ̀ Rámádáànì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kó fi oṣù mímọ́ náà fọ ara rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eèrà kúrò lára, eèrà kankan kò sì sí lára rẹ̀. Ó ń bá bàbá ìyá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé pariwo pé àlùjọ̀nnú ti wọ inú rẹ̀, wọ́n sáré lọ pe Ààfáà. Ààfáà dé, Ọlọ́hun bù kún un, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà níwájú orí, ó rí i pé ara rẹ̀ gbóná bí iná, ó ní: “Mo máa ké Àlùkùránì lé e lórí, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni màá ti ké e. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé ìwòsàn.” Ọmọ náà wà láàyè lónìí. Bí Ààfáà náà bá jẹ́ irú èyí tó fẹ́ràn owó ewúrẹ́ àti àkùkọ, a kò mọ ohun tí à bá máa sọ.

Nítorí náà, ẹni tó ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n láàárọ̀ títí dìgbà tó bá tó mu tàkọ́kọ́, kó má ṣe dá dúró lójijì nínú ilé. Dókítà ni kó kọ́kọ́ rí. Wọ́n á fún un ní oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, wọ́n á máa dín in kù fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, wọ́n á sì fún un ní fítámìn B1, nítorí ọtí ti jẹ èyí tó wà lára rẹ̀ tán, àìsí rẹ̀ sì lè ba ìrántí èèyàn jẹ́ títí ayé. Ẹ má ṣe lọ ra diazepam fúnra yín láti fi ṣe èyí nílé. Òun náà máa ń di bárakú, bí wọ́n bá sì pa á pọ̀ mọ́ ọtí, ó lè dá èémí dúró.

Ọ̀pọ̀ ń sá fún ilé ìwòsàn nítorí orúkọ. Wọ́n á ní, “Ṣé kí wọ́n wá máa sọ pé a gbé e lọ sí Àrò?” Ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1954, ni ayé wá ń wò gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú. Àrò ní ẹ̀ka tó wà fún ìtọ́jú bárakú, Yábàá ní Èkó náà ní tirẹ̀, UCH ní Ìbàdàn sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹni tó lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀ kì í ṣe wèrè. Àìsàn tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú.

Ọ̀nà tí ìpàdé náà gbà bẹ̀rẹ̀

Ilé ìwòsàn lè fọ ọtí kúrò lára láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí èèyàn má padà sídìí rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ tó le, ibẹ̀ sì ni ìpàdé ti wúlò.

Ní ọdún 1935, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Wilson, oníṣòwò láti New York, rìnrìn àjò lọ sí ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí kò fẹnu kan ọtí. Òwò tó bá lọ dojú rú, ó wá dá nìkan wà nínú òtẹ́ẹ̀lì, ilé ọtí sì wà níbẹ̀ tó ń dún sí i létí. Dípò kó wọlé lọ, tẹlifóònù ló gbé, ó ń pe àwọn aṣáájú ẹ̀sìn ìlú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú un mọ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Bob Smith, tí ọtí ti fẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àwọn méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan. Láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí gbogbo ayé ń pè ní AA, ti jáde. Ohun tí Wilson rí ni pé bí òun ṣe ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni òun fúnra òun kò fi mu ọtí lọ́jọ́ náà. Orí ìyẹn ni ìpàdé náà dúró lé títí di òní.

Àwọn kan máa ń bi wá pé, “Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan lè wo èèyàn sàn?” Ní 2020, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 27 jọ, tó kan èèyàn tó lé ní 10,000. Wọ́n rí i pé ètò tó ń darí èèyàn lọ sínú AA tó àwọn ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu yòókù, ó tún ta wọ́n yọ nínú ká má fẹnu kan ọtí rárá fún ọdún kan gbáko. A kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá lọ ló ń yege. Púpọ̀ ló máa ń lọ lẹ́ẹ̀kan tí wọn kì í padà.

Ibi tí ẹ ó ti wá a

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tí ẹni yín ti gba ìtọ́jú. Ẹ má bi dókítà nìkan, ọwọ́ rẹ̀ máa ń dí. Ẹ bèèrè òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé àwọn aláìsàn, òun ló máa ń mọ ọjọ́, àkókò àti ibi tí ìpàdé wà, àwọn ilé ìwòsàn kan sì ń ṣe é nínú ọgbà wọn. AA wà ní Nàìjíríà, àwọn ìlú ńlá ló sì ti rọrùn láti rí ìpàdé rẹ̀. Ẹni tó wà ní ìlú kékeré lè wọ ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà ó lè pa kámẹ́rà rẹ̀ kó kàn máa gbọ́. Àjọ NDLEA náà ní laini ọ̀fẹ́, 0800 1020 3040, níbi tí agbaninímọ̀ràn wà, ó sì wúlò pàápàá bó bá jẹ́ pé tramadol tàbí igbó ti dà pọ̀ mọ́ ọtí náà. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ó rọrùn fún tiwọn: ìpàdé wà lójoojúmọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ pe fóònù kí ẹ tó lọ. Àkókò máa ń yí padà, kò sì sí ohun tó burú tó kí èèyàn fi oṣù mẹ́ta kó ìgboyà jọ, kó débẹ̀ kó bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ibì kan wà tí a kò fẹ́ kí ẹ gbé ẹnikẹ́ni lọ, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́ẹ̀nì de èèyàn, tí wọ́n ń nà wọ́n, tí wọ́n ń pè é ní ìtọ́jú. Ní 2019, àwọn ọlọ́pàá tú àwọn èèyàn sílẹ̀ nínú irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná, àti ní Ìbàdàn wa níbí. Orúkọ ẹ̀sìn wa ni wọ́n fi bo àwọn kan nínú wọn, ó sì dùn wá gan-an. Ẹ̀mí tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí kò nílò ṣẹ́ẹ̀nì, èyí tí kò sì fẹ́, ṣẹ́ẹ̀nì kò lè kọ́ ọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Nígbà tí àlájà yẹn padà délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ ohun tí a bá a sọ. Ọkọ jágbe mọ́ ọn, ó bínú fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: “Ṣé wọ́n máa pe orúkọ mi?”

Wọn kò ní pè é. Orúkọ àbísọ tàbí orúkọ tó bá wù yín ni ẹ ó fi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bèèrè àdúgbò tàbí ibi iṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kì í jáde. Ẹ ó bá àga tí wọ́n tò yí ká, bóyá èèyàn márùn-ún, bóyá ogún. Ẹnìkan nínú wọn á darí ìpàdé, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti inú ìwé wọn, ẹnìkan á sọ bí ọ̀rọ̀ òun àti ọtí ṣe rí, bó ṣe ṣubú àti bó ṣe dìde. Lẹ́yìn náà ẹni tó bá fẹ́ á sọ tirẹ̀. Wọn kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, wọn kì í dá ara wọn lẹ́jọ́, wọn kì í wàásù fún ara wọn. Èyí máa ń ya àwa Mùsùlùmí lẹ́nu, nítorí ó ti mọ́ wa lára pé bí ẹnìkan bá jẹ́wọ́ àṣìṣe, a ní láti fún un ní wáàsí. Bí kò bá wù yín láti sọ̀rọ̀, ẹ sọ pé ẹ kàn fẹ́ gbọ́ lónìí, ó tán. Wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Wọ́n lè gbé àpò kiri fún owó yàrá àti tíì. Kì í ṣe dandan, pàápàá fún àlejò. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ ni pé kó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Ìpàdé kan wà tí ẹnikẹ́ni lè wá, ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n lè tẹ̀ lé e lọ. Òmíràn wà tó jẹ́ ti àwọn tí ọ̀rọ̀ ọtí kàn nìkan. Ẹ bèèrè irú èyí tó jẹ́ kí ẹ tó jáde nílé.

Bó bá ti lọ fún ìgbà bíi mélòó kan, wọ́n á gbà á níyànjú kó mú ẹnìkan tó ti pẹ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábàárò, ẹni tó lè pè ní òru nígbà tí ọtí bá ń pè é. Ọkùnrin mú ọkùnrin, obìnrin mú obìnrin ni àṣà wọn, èyí sì bá tiwa mu. Wọ́n sábà máa ń sọ fún ẹni tuntun pé kó wá ìpàdé 90 ní ọjọ́ 90. Nílùú tí ìpàdé kò ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ, èyí kò ṣeé ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kéré tán, kó lọ tó mẹ́fà kó tó sọ pé kò bá òun lára mu.

Ìbéèrè tí ẹ̀sìn bí

Àkọ́kọ́ ni pé inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ìpàdé wà. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí yàrá olówó pọ́ọ́kú. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti ìjọ kankan. Ìwé wọn sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́hun gẹ́gẹ́ bí oníkálukú ṣe mọ̀ Ọ́n, Mùsùlùmí sì mọ Ọlọ́hun tirẹ̀. Ní àwọn ibì kan, wọ́n máa ń fi àdúrà àwọn Kìrìsìtẹ́nì parí. Ẹ lè dákẹ́, kí ẹ ṣe àdúà yín nínú ọkàn. Kò sẹ́ni tó máa bi yín.

Àwọn Mùsùlùmí kan ní Amẹ́ríkà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò dúró síbẹ̀. Ní 1989, ní ìlú Baltimore, wọ́n dá ẹgbẹ́ Millati Islami sílẹ̀. Wọ́n mú ìgbésẹ̀ 12 tí AA ń tẹ̀ lé, wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù tún un kọ. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí AA, lè wá ìpàdé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: bí Ọlọ́hun bá ti bo àṣìrí èèyàn, ṣé ó tọ́ kó máa fi ẹnu ara rẹ̀ tú u? A gbé e lọ bá àwọn Ààfáà wa. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún wa ni pé ẹni tí wọ́n bá wí ni ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ yangàn, tó ń sọ ọ́ bí ẹni tó jẹ oyè. Ẹni tó ń sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, níbi tí ọ̀rọ̀ kò ti ní jáde, kò sí nínú wọn. Síbẹ̀, kò pọn dandan kó máa ṣàlàyé gbogbo ohun tó ti ṣe. Kó sọ èyí tó nílò.

Ìkẹta ni hádíìsì tó sọ pé a kì í gba ìrun ẹni tó mu ọtí fún ogójì ọjọ́. Ẹ̀rù hádíìsì yìí ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò ní mọ́sáláṣí ju bó ṣe lé wọn kúrò nídìí ọtí lọ. Wọ́n á ní bí wọn kò bá kúkú ní gbà á, kí làwọn ń kírun fún? Àwọn onímímọ̀ ti ṣàlàyé pé ẹ̀san ìrun náà ni olúwa rẹ̀ pàdánù, dandan rẹ̀ kò kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹni tó bá sì túúbá, Ọlọ́hun á gba túúbá rẹ̀. Kó máa bọ̀ wá kírun. Nínú àkójọ hádíìsì Bukhari, ọkùnrin kan wà tí wọ́n mú wá sọ́dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nítorí ọtí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n fi ìyà òfin jẹ ẹ́. Nígbà tí ẹnìkan wá ṣẹ́ ẹ lépè, Ànábì kọ̀ ọ́ fún un, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà nífẹ̀ẹ́ Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ fi èyí wé ohun tí ojú ń rí nínú sàfú wa bí ọtí bá rùn lẹ́nu ẹnìkan.

Ẹ̀yin ará ilé

Ẹ̀yin náà ní ìpàdé tiyín. Al-Anon ni wọ́n ń pè é, ìyàwó Bill Wilson wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1951, ti ọkọ, aya, òbí àti ọmọ àwọn tó ń mu ọtí ni. Níbẹ̀ ni ìyàwó á ti kọ́ pé kì í ṣe ẹjọ́ òun, pé òun kò sì lè bá ẹlòmíràn dá ọtí dúró. Má pe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ kí o purọ́ pé ibà ló dè é mọ́lẹ̀. Má san gbèsè ilé ọtí. Bó bá ń lù ọ́ tàbí àwọn ọmọ, kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ̀mí yín ti máa là. Ọ̀rọ̀ ìpàdé lè dúró.

Ẹ yẹ inú ilé wò dáadáa. Ọtí kì í ṣe inú ìgò bíà nìkan ló wà. Ọ̀pọ̀ agbo jẹ̀díjẹ̀dí àti páràgà, ògógóró ni wọ́n fi rẹ wọ́n, Mùsùlùmí tí kò jẹ́ fẹnu kan ọtí sì ń mu wọ́n láàárọ̀, ó ń pè é ní oògùn. Ẹni tó ti fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin lè padà sídìí rẹ̀ nítorí ife agbo kan ní gáréèjì. Omi ìfọnu kan àti oògùn ikọ́ kan náà ní ọtí nínú. Bí ẹ bá ń ra oògùn, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé aláìsàn yín kò gbọdọ̀ rí ọtí.

Ó sì lè tún mu. Ọkọ àlájà wa ti lọ sí ìpàdé mọ́kànlá (àwọn méjèèjì ló gbà wá láyè láti kọ èyí, a sì ti yí àwọn nǹkan kan padà). Lẹ́yìn ìkeje, ó lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ìjẹ̀bú, ó sì mu. Ojú tì í, kò fẹ́ padà sípàdé mọ́. Alábàárò rẹ̀ ló wá a wálé. Wọ́n ka ọjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan, kò sẹ́ni tó pariwo lé e lórí. Nígbà tí a ń kọ èyí, ó ti di ọjọ́ 26.

Ní mọ́sáláṣí wa, a gbìyànjú láti ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnìkan nínú wa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde rẹ̀ lẹ́yìn Jímọ̀ọ́: “Gbogbo àwọn tó ń mu ọtí, ẹ wá ní agogo mẹ́rin o!” Ẹ ti mọ iye èèyàn tó wá. Báyìí a kì í kéde mọ́. A kàn ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹní sí, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, a sì pè é ní ìpàdé ìlera, torí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń wá, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó wá torí kí ni. Àwọn mẹ́rin ló ń wá déédéé nítorí ọtí.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lè dúró lẹ́yìn Jímọ̀ọ́, àwọn obìnrin lè gba ọ̀dọ̀ Ìyá Súnnà. Ẹ mú gbogbo oògùn tí ẹni yín ń lò dání, pẹ̀lú ìgò agbo rẹ̀. Ẹ kò ní láti sọ ẹni tó ni ín. Bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ lọ sí Àrò tàbí Yábàá ni ìṣòro, ẹ sọ fún wa, nítorí àwọn arábìnrin àsálátù ti ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un nínú sàdáká wọn.